Ìwé Àléébù Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì

Àǹtí Bísí ní kí n kọ ojú ìwé méjì péré. Àwọn ni àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà, àwọn ló sì ń ṣètò ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa pín ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Mansfield lọ́jọ́ ìsìnkú. Inú ọkọ̀ ni mo wà níwájú ibi iṣẹ́ mi ní Coppell nígbà tí wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Kọ́lá, má kọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá àti ilé ìwé tí wọ́n lọ. Ìyẹn ti wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo bá wọn gbé. Kọ bí wọ́n ṣe rí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Wọ́n ní, "Kí o sì fi í síbẹ̀ pé òtútù ló mú wọn lọ. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn á kàn máa bi wá ní ìbéèrè."

Mo tún ní, "Ẹ ṣé, mà." Nígbà tí mo máa wo aago, ogún ìṣẹ́jú ti kọjá lórí àkókò tó yẹ kí n wọlé síṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo fi ogún ìṣẹ́jú yẹn ṣe.

Bí mo ṣe wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn. Mò ń jẹun, mò ń wakọ̀, mò ń dá èèyàn lóhùn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ní èrìgì kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. O mọ̀ pé ẹnu rẹ ni, ṣùgbọ́n o ò mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá Àgbà kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nínú ilé wa ní Mesquite, nígbà tí yìnyín bo gbogbo títì tí iná sì ti lọ. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Èmi náà ìbá ti kú, mi ò kú. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, kí n sọ bí wọ́n ṣe rí.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá wọn kún fún kásẹ́ẹ̀tì fídíò láti ilẹ̀ títí kan fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì kọ ọdún sí. Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Eré àwọn àṣàyàn nìkan ni Bàbá ń gbà sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù láti inú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n á pín wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n á ní kí wọ́n bá ara wọn ṣeré. Kò sí ife gidi kan níbẹ̀. Àwọn tó ń gbá a kì í fẹ́ farapa. Àwọn ará Dallas tó lè bá àbúrò wọn jà nítorí bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ wo èyí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Èkó, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí nínú eré tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.

Wọ́n ní, "Àṣekágbá, gbogbo ayé ń wò ó. Kò nílò mi. Ṣùgbọ́n èyí, bí kò bá sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ṣe é?"

Tẹlifíṣọ̀n ni iṣẹ́ wọn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ ohun tuntun ní Ìbàdàn, wọ́n wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yàrá ìdarí, níbi tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnì kí àwòrán tó jáde sí ilé onílé. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì níbẹ̀. Bí àwòrán bá gbọ̀n, bí ohùn bá lọ, bí iná bá kú, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: àléébù tó ṣẹlẹ̀, ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, àti orúkọ ara rẹ̀. Ìwé àléébù ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì tí Àǹtí Bísí mú wọn wá sí Dallas, wọ́n ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé ọ̀gá kan ṣì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ojú ìwé kan ni ọdún kan. Ìkànnì tó gbé eré náà wà lókè, lẹ́yìn náà bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sí i, àti ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí. Bàbá máa ń ka kámẹ́rà. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á máa fi bírò tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n: ọ̀kan lẹ́yìn òpó, ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀kan lórí wáyà tó ń fò kọjá lórí pápá bí ẹyẹ. Ó lè jẹ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣe ohun ìyanu nígbà náà, wọn ò rí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó fò yẹn, ṣé ẹ rí i?"

"Èwo? Mò ń wá ẹni tó gbé kámẹ́rà kẹfà." Wọ́n tẹ ara síwájú. "Kò hàn rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, o ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Mo ti ka ìwé yẹn tán lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. Ẹni tó bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ máa rí bí eré náà ṣe ń kó kiri bí ayálégbé. Ó lo ọdún díẹ̀ lọ́dọ̀ ìkànnì kan, ó kó lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí a ń sanwó fún kí a tó lè rí wọn, ó tún padà. Fún ìgbà pípẹ́, erékùṣù kan láàárín òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìn tí àṣekágbá bá ti parí. Oòrùn á máa ràn lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn á wọ ẹ̀gbà òdòdó, àwa á sì wà ní Dallas níbí pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e síwájú àṣekágbá, àwọn tó sì máa gbá àṣekágbá ò lè wá mọ́. Bàbá kọ ọ́ sí ojú ìwé ọdún yẹn pé: "Àwọn àṣàyàn, láìsí àwọn tó yẹ jù." Bí ọdún ti ń lọ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbá ara wọn mọ́lẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ń di ara wọn mú bí ẹni tó pàdé mọ̀lẹ́bí. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé ìgbámọ́lẹ̀ pátápátá. Aṣọ péńpé ni wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Bí ẹnìkan bá ti já aṣọ rẹ, o dúró nìyẹn.

Tómi, ọmọ mi obìnrin, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé òun náà ń gbá irú rẹ̀ ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Bàbá kò gbé orí sókè kúrò nínú ìwé. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Tèmi ni kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é."

Ojú ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn wò. Ilé ìkówèésí ni wọ́n ti lọ dà á kọ nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Nígbà kan rí, àwọn àṣàyàn láti yunifásítì ló máa ń bá ẹgbẹ́ tó gba ife ṣeré. Lọ́dún tó kẹ́yìn, ìjì òjò dé láàárín eré, omi bo pápá, àwọn òǹwòran ya wọlé, wọ́n sì dá a dúró. Wọn ò parí rẹ̀. Wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ láé. Ìtàn yẹn kì í sú Bàbá. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wọn ò mọ ẹni tó wà ní yàrá ìdarí lọ́jọ́ náà, tó ní láti pinnu ìgbà tí àwòrán máa kúrò. Wọ́n á ní, "Ìjì lásán kọ́. Ọwọ́ ẹnìkan ló pa á."

Ìjà wọn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kì í tán. Wọ́n bá Àǹtí Bísí jà lórí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí a fẹ́ kó kúrò ní apátímẹ́ǹtì lọ sí ilé tí a wà yìí, Àǹtí wá láti Mansfield pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí dúdú ńláńlá.

Wọ́n ní, "Bàbá, gbogbo eré yìí ló wà lórí fóònù báyìí. Ẹ jẹ́ ká kó wọn dànù."

Bàbá ní, "Bísí, ìwọ náà wà lórí fóònù. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọ níbẹ̀. Ṣé ká wá kó ọ dànù?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lórí páálí. Wọ́n kó àpò wọn padà.

Ìjà kejì ni ti àwọn tó ń ta ìkànnì. Lọ́dún kan, àwòrán lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin láàárín eré. Bàbá pè wọ́n lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì dúró de ẹni tó máa dá wọn lóhùn fún nǹkan bíi wákàtí kan, tí orin ń kọ sí wọn létí. Ọmọbìnrin kan ló gbà á níkẹyìn. Ó ní ojú ọjọ́ ló fà á.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ojú ọjọ́ kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun máa dín díẹ̀ kù nínú iye tí wọ́n ń san. Bàbá ní àwọn ò bèèrè ìyẹn. Nígbà tí mo rí i pé ìpè náà ò ní tán láéláé, mo sọ fún wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Wọ́n bo ẹnu fóònù, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Àléébù tí kò bá ní orúkọ ẹnìkan, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn lọ́nà igba. Àwa náà wà nínú ìwé yẹn. Lọ́dún kan: "Àléébù: ìṣẹ́jú mẹ́fà kò sí. Ìdí: mo sùn. Orúkọ: èmi." Lọ́dún mìíràn: "Àléébù: ìdajì kejì kò sí. Ìdí: ó fẹ́ wo àwòrán ọmọdé. Orúkọ: Tómi, ọmọ ọdún mẹ́rin." Wọ́n kun àtàǹpàkò Tómi ní yíǹkì, wọ́n sì ní kí ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó sunkún. Wọ́n fún un ní bisikíìtì, wọ́n ní, "O ti sọ ọ́. Ó ti tán."

Àwọn náà ti tẹ tiwọn rí. Mo gbọ́ ọ lọ́dún tí mo fi ẹ̀rọ agbẹ́rù kọlu àgbékà irin tí wọ́n ń to ẹrù sí ní ibi iṣẹ́ ní Coppell, tí irin rẹ̀ sì tẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo délé, mi ò lè jẹun. Bàbá ló tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi, àkọ́bí wọn, ti kú, wọ́n mọ ojú mi. Wọ́n bi mí, mo sọ. Wọ́n ní kí n jókòó.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn, fíìmù kan ń lọ lọ́wọ́ ní ọ̀sán Sátidé, àwọn nìkan sì wà ní yàrá ìdarí. Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n sáré jáde lọ ra mọ́ínmọ́ín. Wọ́n rò pé fíìmù náà máa gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ti tán, gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n sì ń wo ojú funfun fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Gbogbo èèyàn rò pé iná ló lọ. Ọ̀gá wọn pàápàá wọlé wá, ó ní, "Àwọn oníná yìí náà," ó sì jáde.

"Bírò wà lọ́wọ́ mi," Bàbá ní. "Mo lè kọ 'iná lọ'. Ọ̀gá mi gan-an ti kọ ọ́ fún mi."

Mo ní, "Kí lẹ wá kọ?"

"Mo kọ mọ́ínmọ́ín."

Wọ́n gbé wọn lọ sí orí òkè níbi tí òpó tẹlifíṣọ̀n wà, níbi tí kò sí nǹkankan ju ewúrẹ́ lọ, fún ọdún méjì. Ẹlẹgbẹ́ wọn gba ipò tó yẹ kó jẹ́ tiwọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo sùn dáadáa lórí òkè yẹn." Lẹ́yìn náà wọ́n gbé fóònù mi fún mi, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi pe ọ̀gá mi. Wọn ò lé mi. Bí Bàbá ò bá dúró tì mí, mi ò bá tí pè é.

Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí. Mo máa ń padà wò bóyá mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, màá tún padà. Mi ò jẹ́ kí gáàsì ọkọ̀ mi lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ rí. Bàbá máa ń wò mí láti ojú fèrèsé bí mo ṣe ń wọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ní, "Kọ́láwọlé, lọ́jọ́ tí o bá kú, wàá ti pósí rẹ láti inú."

Nítorí ẹ̀rù náà ni mo fi ra jẹnẹrétọ̀, lẹ́yìn ọdún kan tí yìnyín gba iná lọ́wọ́ wa. Ó wà nínú gáráàjì, mo fi aṣọ bò ó.

Lọ́dún yìí, yìnyín bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi, Dúpẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Ó há sí ọsibítù, wọ́n ní kí ó má wakọ̀. Tómi wà lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí ní Mansfield. Iná lọ ní òwúrọ̀ Sátidé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá ti wọ kóòtù méjì àti fìlà, wọ́n ti fi kásẹ́ẹ̀tì tuntun sínú fídíò, wọ́n sì ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú.

Wọ́n ní, "Kọ́lá, jẹnẹrétọ̀ tó wà nínú gáráàjì yẹn, ṣé ọ̀ṣọ́ ni?"

Mo ní, "Bàbá, òtútù pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọdún yìí sílẹ̀."

"Kí n kọ kí ni? Pé ọmọ mi ń gbọ̀n?"

Mo lọ yí i jáde. Wọ́n fi ọ̀pá onírin wọn rìn tẹ̀lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó já sí gáráàjì, wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé e síta. Gbé e jìnnà sí ilé."

Mo ní, "Bí mo bá gbé e síta, wọ́n á gbé e lọ."

"Ta ló máa rìn lórí yìnyín yìí wá jí jẹnẹrétọ̀?"

Mo rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Mushin. Àwọn olè gbé jẹnẹrétọ̀ mi ńlá lọ, wọ́n sì tan èyí kékeré kan sí ipò rẹ̀, kí ariwo má bàa dáwọ́ dúró. Ìgbà tí fíríìjì ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni mo tó jáde. Bàbá ti gbọ́ ọ rí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àwọn yẹn mọ iṣẹ́ wọn." Níkẹyìn, mo gbé e sí ẹnu gáráàjì, ní apá inú ni, mo ká ilẹ̀kùn ńlá náà sókè dé orúnkún, mo sì fi garawa ọ̀dà gbé e ró.

Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn wálẹ̀ o. Ilé Ìbàdàn ní ihò níbi gbogbo. Ilé Amẹ́ríkà dí bí agolo. Èéfín ò ní rí ibi gbà jáde."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Mo fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé, mo sì tàn án. Tẹlifíṣọ̀n tàn. Inú wọn dùn. Wọ́n tẹ bọ́tìnì fídíò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Mo jókòó lórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bóyá ogún ìṣẹ́jú kọjá. Mo wá gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń rọra kọjá níwájú ilé. Ó dúró ní ìkòríta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn ní títì láti àárọ̀. Ọkàn mi lọ sí Mushin.

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ wo gáàsì inú jẹnẹrétọ̀. Mo wọ gáráàjì, mo yọ garawa ọ̀dà kúrò, mo sì fa ilẹ̀kùn náà wálẹ̀ dé ilẹ̀. Mo ní ní ọkàn mi pé bí ọkọ̀ yẹn bá ti lọ, màá ká a sókè padà.

Nígbà tí mo jókòó, Bàbá ò yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀kùn ṣì ṣí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá nítorí kí wọ́n má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo gbàgbé láti padà lọ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, mo rò pé òtútù ni. Bàbá ń sọ nǹkan nípa kámẹ́rà orí wáyà. Ohùn wọn ń jìnnà sí mi. Mo sùn.

Òtútù ló jí mi. Ilẹ̀kùn iwájú ilé wà ní ṣíṣí gbayawu, atẹ́gùn yìnyín sì ń fẹ́ sí mi lójú. Kò sí ariwo kankan. Tẹlifíṣọ̀n ti dúdú. Àga Bàbá ṣófo, ìwé wọn sì wà lórí rẹ̀. Aládùúgbò wa tó ń gbé ní òdìkejì títì, ará Mẹ́síkò kan tí a kì í ṣe ju ká ju ọwọ́ síra wa lọ, ń gbọ̀n mí léjìká. Ó ní òun rí ilẹ̀kùn tó ṣí nínú irú òtútù yìí, òun sì mọ̀ pé kò dáa. Ó pe àwọn tó ní ọkọ̀ aláìsàn, ó sì jáde lọ dúró de wọn ní títì.

Mo rákò dé gáráàjì. Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ wọn ṣì wà lára bọ́tìnì rẹ̀.

Mo ká ilẹ̀kùn sókè dé orúnkún. Mo fi garawa ọ̀dà sí abẹ́ rẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó fọwọ́ kan Bàbá.

Àwọn panápaná tó bá ọkọ̀ aláìsàn wá bi mí bóyá ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Mo ní ó ṣí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àǹtí Bísí bi mí, mo ní ó ṣí. Wọ́n ní, "Atẹ́gùn ló gbá èéfín yẹn padà wọlé nìyẹn." Dúpẹ́ ò bi mí. Nọ́ọ̀sì ni, ó kàn ń wò mí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, ẹ̀rù ibi iṣẹ́ ń bà mí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ń bà mí kí Tómi má lọ máa wò mí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wò mí.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Láti orí àga Bàbá dé ilẹ̀kùn iwájú ilé, pẹ̀lú ọ̀pá onírin yẹn, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún wọn. Wọ́n gba iwájú mi kọjá. Bóyá wọ́n pè mí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tútù wà níbẹ̀, wọ́n lè jókòó sórí àtẹ̀gùn kí wọ́n sì máa mí. Wọ́n padà. Wọ́n gba ilé ìdáná kọjá lọ síbi tí èéfín pọ̀ sí jù. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì tó já sí ilé ìdáná, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn ńlá náà wà nílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo purọ́. Wọ́n ṣì wọlé lọ pa á.

Iná padà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kásẹ́ẹ̀tì ọdún yìí ṣì wà nínú fídíò. Ibi tí ó dúró sí ni ibi tí ọwọ́ Bàbá ti kan bọ́tìnì jẹnẹrétọ̀. Mi ò tíì wò ó. Ṣùgbọ́n ìwé wọn wà níwájú mi báyìí, mo ṣí i sí ojú ìwé ọdún yìí. Wọ́n ti kọ ìkànnì. Wọ́n ti kọ "yìnyín". Wọ́n ti ka kámẹ́rà mọ́kànlá, wọ́n sì fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ìkejìlá. Nísàlẹ̀, àwọn ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn ṣófo.

Àǹtí, mo mọ̀ pé ojú ìwé méjì lẹ ní. Ẹ yọ ohun tó bá wù yín kúrò nínú èyí. Àwọn ìlà tó kẹ́yìn yìí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má yọ. Mo ti fi bírò kọ wọ́n sínú ìwé Bàbá kí n tó dà wọ́n kọ síbí, mo sì ti tẹ àtàǹpàkò mi sí i.

Àléébù: eré dúró láàárín, kò parí.

Ìdí: mo ti ilẹ̀kùn gáráàjì, mo sì sọ fún Bàbá pé ó ṣí.

Orúkọ: Kọ́láwọlé. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́.